Ife Mẹ́rin Sípírítì, Ife Kan Omi

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Ajah, tí ẹ ní Bàlíkísù lẹ ń wá, wọn yóò kàn máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Tùràrí lẹ ń wá, kódà àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọn kì í gbà fún ara wọn yóò fohùn ṣọ̀kan, wọn yóò nawọ́ sí àdúgbò ẹ̀yìn ọjà, níbi tí mọ́sáláṣí kékeré kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn. Lára ògiri mọ́sáláṣí yìí, lápá ibi tí oòrùn kì í tètè dé, ni tábìlì rẹ̀ wà. Ìgò kéékèèké ló kún orí rẹ̀, òróró tùràrí oríṣiríṣi ló wà nínú wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pò wọ́n.

Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ìgbéraga. Èmi ò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe náà ló yẹ kó mọ̀ ọ́n wí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí. Ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ Bùsàrí, tó ń lẹ táìlì, wá sí Èkó nígbà tí ilé ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í hù lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí bí olú ẹ̀yìn òjò. Bùsàrí ń lẹ táìlì sí ilé ìwẹ̀ àwọn tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀ láéláé, ìyàwó rẹ̀ sì ń ta òórùn dídùn fún àwọn tó kọ́ ilé náà. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ bá rí i, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Àwọn bíríkìlà, àwọn awakọ̀, àwọn oníṣòwò, gbogbo wọn á máa na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i kí wọ́n tó wọlé kírun, á sì fi ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín kan kàn wọ́n lọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn o. Àwọn tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé ló ń rà á.

Nínú iṣẹ́ tiwọn, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí àwọn ọ̀gá kì í forí jì: kí èèyàn bu òróró ẹ̀pà lé ojúlówó kó lè pọ̀. Bàlíkísù kò ṣe é rí. Bí oníbàárà bá ní tirẹ̀ ti wọ́n jù, á ní kó lọ ra ti ẹlòmíràn, kó máa rùn bí ìyá alákàrà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ṣé ẹ rí ibi ògiri yẹn? Kò ṣàdédé débẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ oríta ńlá ló ti ń tajà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bíríìjì. Nígbà tí katakátá dé, gbogbo wọn fọ́nká, Bàlíkísù sì di ẹni tó ń gbé ìgò kiri lórí nínú oòrùn. Bẹ́ẹ̀, òróró tùràrí kò fẹ́ oòrùn, tí oòrùn bá ti pa á pẹ́, á di kíkan. Ibi tó ti ń sinmi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí ni Alájì Mikail ti rí i.

Alájì Mikail ni alága mọ́sáláṣí náà. Awakọ̀ típà ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn kún ní Lẹ́kí kí wọ́n tó kọ́lé sí i, á ní iyanrìn tòun ló wà lábẹ́ ìdajì wọn. Ọkùnrin gíga ni, ẹ̀rín rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ ju ẹ̀rín rẹ̀ lọ. Ó wo obìnrin náà, ó wo àwọn ìgò rẹ̀, ó ní:

"Gbé tábìlì ẹ wá sára ògiri yìí. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Nǹkan ọlọ́tí kankan ò gbọdọ̀ dé orí tábìlì yẹn. Lọ́fíńdà aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọtí po, má tà á níbí."

"Alájì, òróró nìkan ni tèmi. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín."

Látọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó lé e mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló ti di Ìyá Tùràrí. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn, torí tí ibi ìjókòó yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó tún padà sínú oòrùn.

Kòrónà wá dé. Ìlú pa rọ́rọ́. Wọ́n ti mọ́sáláṣí, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti sáìtì tí Bùsàrí ti ń ṣiṣẹ́ ní Lakowe. Bùsàrí tí kì í lè jókòó di ẹni tó ń rìn káàkiri yàrá kan ṣoṣo, ó ń fi ọwọ́ kan ògiri wò bóyá ó tẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kó jọ̀ọ́, kó má lẹ táìlì mọ́ òun náà lára. Sanitáísà tí gbogbo ayé ń pariwo pé ká fi pa ọwọ́ kò wá sí níbì kankan mọ́. Èyí tí ẹ bá rí, wọ́n á fi owó gọbọi lé e lórí.

Fikáyọ̀ ló mú ojútùú wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàlíkísù ni, ilé ìtajà oògùn kan ní Jakande ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ìbòmú lójú, ó ní:

"Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ ń po tùràrí, kí ló dé tí ẹ ò po sanitáísà? Kò le o. Sípírítì lẹ máa rà lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́míkà, èyí tó dáa, kì í ṣe èyí tí kápẹ́ńtà fi ń kun àga. Ìyẹn májèlé ni. Ife mẹ́rin sípírítì, ife kan omi tí ẹ ti sè tó ti tutù. Ẹ wá fi gílísérììnì díẹ̀ sí i kó má baà jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ. Ìta ni kí ẹ ti pò ó, kí sítóòfù má sí nítòsí."

"Bó bá jẹ́ sípírítì ló ń pa kòkòrò náà, kí wá ni omi ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ ò rí i, ògidì rẹ̀ máa ń sáré gbẹ kó tó ráyè pa nǹkan kan. Omi ló ń dá a dúró kó lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti pọ̀ jù, tí sípírítì ò pé síkísítì pasẹ́ńtì mọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n kàn ń fi omi fọwọ́ láìsí ọṣẹ ni."

Bàlíkísù gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ẹni tó ti ń wọn òróró láti ìgbà ọmọge kò nílò àsọtúnsọ. Ó yàtọ̀ sí tùràrí nínú ohun kan ṣá: imú ló fi ń po tùràrí, ife ló sì gbọ́dọ̀ fi po èyí. Ó ní òun á fi imú sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn obìnrin ọjà fi ń wá sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pẹ̀lú ike. Ìbúra tó búra fún Alájì ńkọ́? Ó ní orí tábìlì ni òun búra lé, òun ò búra lé ẹnu ọ̀nà ilé òun. Ẹ ò rí i pé obìnrin náà gbọ́n.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí wọ́n ṣí mọ́sáláṣí, ṣùgbọ́n kí ohun tí àwọn èèyàn yóò fi tọ́jú ọwọ́ wà lẹ́nu géètì. Ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí ti fi àgádágodo ti ẹ̀rọ omi, kí èrò má baà ṣù jọ síbi àlùwàlá; kálukú ni kó ti ilé ṣe tirẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn, inú ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n á gbà dé, wọ́n á ti di irin mú lọ́nà. Alájì Mikail wá bá Bàlíkísù nídìí tábìlì rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nù.

"Ẹ kú àtijọ́, Alájì. A dúpẹ́ pé a tún ríra."

"A dúpẹ́. Mo gbọ́ pé o ń ṣe nǹkan ọwọ́ yẹn nílé. Ṣe tiwa fún wa, kó tó di Jímọ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rùn ọtí."

Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó dáhùn níbẹ̀ yẹn. Ó yẹ kó ní, "Alájì, ọtí ni nǹkan náà, a kì í se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìgboyà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló bá a sọ̀rọ̀. Ó wo àwọn ìgò rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi lé mi lọ́wọ́."

Ó po ife mẹ́rin sípírítì mọ́ ife kan omi, ó wá mú èyí tó dáa jù nínú òróró rẹ̀, ó kán an sí i. Òórùn náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Bùsàrí fi bèèrè bóyá ìyàwó òun ń lọ síbi ìgbéyàwó. Bàlíkísù gbé e lọ fún Alájì tayọ̀tayọ̀, ó kán an sí i lọ́wọ́. Alájì gbé ọwọ́ sí imú. Kíá ló ká ọwọ́ náà kúrò, bí ẹni pé iná jó o, ó fi etí bùbá rẹ̀ nù ún.

"Ọtí ni mo gbọ́."

"Alájì, òróró ni ẹ gbọ́ o. Gbogbo èèyàn tó gbọ́ ọ ní..."

"Mo ní ọtí ni mo gbọ́! Bu omi sí i. Bu omi sí i títí tí kò fi ní rùn mọ́. Bí o ò bá lè ṣe é, jẹ́ kí n mọ̀."

Kò pariwo mọ́ ọn rí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó yíjú kúrò, ó lọ. Inú bí Bàlíkísù, ẹ̀rù náà sì bà á. Ó ronú ògiri yẹn, ó ronú oòrùn. Ó ronú pé ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, àti pé ọkùnrin yìí ló da omi síwájú òun nígbà tí ilẹ̀ ń gbóná. Ó délé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó bu omi sí i, ó gbọ́ ọ, ó tún bu omi sí i. Ó wá kù díẹ̀ kó jẹ́ ife kan sípírítì sí ife mẹ́rin omi. Ọwọ́ rẹ̀ ń da omi, ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé ohun tó ń ṣe kò dára. Ó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún Alájì, Alájì gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Èyí dáa. Ọlọ́run á bù kún ẹ." Àdúrà náà kò dùn mọ́ ọn.

Ọjọ́bọ̀ ni Fikáyọ̀ yà kí i. Ó rí kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀, ó da díẹ̀ sọ́wọ́, ó fi ra ọwọ́ méjèèjì. Ó dúró kó gbẹ. Kò gbẹ.

"Àǹtí, kí lẹ fi sí èyí?"

"Omi ni mo fi kún un díẹ̀."

"Díẹ̀ wo? Àǹtí! Omi olóòórùn dídùn lèyí o. Ta lẹ fẹ́ fún?"

Nígbà tó gbọ́ pé mọ́sáláṣí ni, ọmọ náà jókòó. Kò bá a jà. Bó bá bá a jà ni, ì bá sàn. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ ni:

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tí kò rí nǹkan kan fi pa ọwọ́, á mọ̀ pé ọwọ́ òun dọ̀tí, á ṣọ́ra. Ẹni tó bá lo tiyín, á rò pé ọwọ́ òun ti mọ́. Á fi nu ojú, á fi nu ẹnu. Àwọn àgbà ló pọ̀ jù níwájú níbẹ̀ yẹn. Àǹtí, òróró ẹ̀pà lẹ bù lé e yìí."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, bí ó bá jẹ́ pé Fikáyọ̀ fi igi gún un lójú ni, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ojú ti Bàlíkísù, ojú tì í gidi, níwájú ọmọ tó gbé pọ̀n. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, ó fi aṣọ nù ún kiri. Ilẹ̀ ilé wọn ta sánsán fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ohun tí omi náà lè ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló jáde síta, ó gbé ife, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin, kan. Gílísérììnì. Ìgò òróró tùràrí wà nítòsí rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá máa lò ó mọ ohun tó jẹ́.

"Tí wọ́n bá lé ẹ kúrò níbẹ̀ ńkọ́?" Bùsàrí bi í.

"Kí wọ́n lé mi. Ìgò mi ò ní fọ́ lójú ọ̀nà. Tí mo bá tan àwọn èèyàn jẹ, orúkọ mi ló máa fọ́."

Bùsàrí ní ó dáa, òun á bá a ru tábìlì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí èrò tó dé, Bàlíkísù ti wà lẹ́nu géètì. Ó dúró de Alájì. Bí ó ti yọ, ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì sọ ọ́ láìfi ohunkóhun bò ó.

"Alájì, ohun tí mo bù wá fún yín wò níjọ́sí, mo ti da gbogbo ẹ̀ nù. Omi lásán ni. Mo tàn yín, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tan gbogbo mọ́sáláṣí. Ojúlówó ni mo gbé wá yìí. Ọtí ni. Ó ń rùn ọtí. Kò sí bí mo ṣe lè ṣe é tí kò fi ní rùn, kó sì ṣiṣẹ́."

Alájì wo ike náà. Ó sún sẹ́yìn.

"Bàlíkísù, kí lo búra fún mi lọ́jọ́ tí mo fún ẹ níbí?"

"Mo rántí."

"Gbé tábìlì ẹ kúrò."

"Màá gbé e, Alájì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ọwọ́ àwọn èèyàn. Tí wọ́n bá ti wọlé tán, màá gbé e."

Alájì dúró, ó ń wò ó, ó wá yí ojú wo òpópónà bóyá ẹnì kankan ń bọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ó fi orí pè é, ó ṣáájú lọ sí ibi àlùwàlá tí wọ́n tì. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó fa ìbòmú rẹ̀ sísàlẹ̀.

"O rò pé torí ẹ̀sìn ni mo ṣe ń bá ẹ jà. Gbogbo wọn ló rò bẹ́ẹ̀. Lèmọ́mù ti sọ fún mi pé mímu ni èèwọ̀, pé ká fi pa ọwọ́ ò burú. Mo mọ̀ ọ́n." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Mo mu ọtí rí, Bàlíkísù. Kì í ṣe mímu eré. Ògógóró. Mi ò lè gun típà láìmu ún, mi ò sì lè sọ̀kalẹ̀ láìmu ún. Ìyàwó tí mo kọ́kọ́ fẹ́, ọtí ló lé e lọ. Ọlọ́run ló yọ mí. Ó ti pẹ́, irun orí mi ò tíì funfun nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o kán an sí mi lọ́wọ́, mo délé, mo ń gbọ́ ọwọ́ mi. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Àgbàlagbà bíi tèmi! Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìwà mímọ́ kọ́."

Gbogbo ìbínú tí Bàlíkísù ti kó jọ yọ́ lára rẹ̀. Àánú ọkùnrin náà ṣe é, ó sì tún bọ̀wọ̀ fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti ń jókòó sára ògiri rẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá, kò mọ ẹrù tó ń rù.

"Alájì, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ gbọ́ mi. Nǹkan yìí kì í pẹ́ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó bọ́ bàtà tán, òórùn ẹ̀ ti lọ. Kò sì sẹ́ni tó máa bọ̀ yín lọ́wọ́ lásìkò yìí. Tiyín, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án láéláé. Ọṣẹ àti omi ni màá máa fi wẹ ọwọ́ yín. Fikáyọ̀ ló sọ fún mi, ó ní tí ọṣẹ àti omi bá ti wà, ẹnì kan ò nílò sípírítì. Torí pé a ò rí omi fún gbogbo èrò yìí la ṣe ń po sípírítì."

"Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé?"

"Kí ẹ ní ara yín ò gbà á. Tí wọ́n bá bi èmi, ohun tí màá sọ náà nìyẹn. Wọn ò ní gbọ́ nǹkan míì lẹ́nu mi."

Alájì fa ìbòmú rẹ̀ sókè. Ó fẹ́ máa lọ, Bàlíkísù pè é padà:

"Tábìlì mi wá ńkọ́, Alájì?"

"Tábìlì wo? Ta ló ní kí o gbé tábìlì?"

Bàlíkísù sáré yá kẹ́tù lọ́wọ́ Làtífátù tó ń ta híjáàbù lódìkejì, ó pọn omi kún un, ó mú ọṣẹ tuntun kan. Ó fi bàsíà sábẹ́. Nígbà tí èrò dé, wọ́n bá ohun méjèèjì lẹ́nu géètì, wọ́n sì bá obìnrin kan tó gbé ohùn sókè láìtijú.

"Èyí, ọtí wà nínú ẹ̀ o! Mi ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ tẹ́wọ́, ẹ fi ra títí tó fi máa gbẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́, ọṣẹ àti omi rèé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ara yín, ẹ jọ̀ọ́!"

Àwọn kan dúró díẹ̀, wọ́n wo Lèmọ́mù. Lèmọ́mù tẹ́wọ́ rẹ̀, ó fi ra ọwọ́, ó gbọn ọwọ́, ó wọlé. Ó tán. Gbogbo wọn tò tẹ̀lé e. Ìba díẹ̀ ló yan ọṣẹ, Bàlíkísù sì da omi sí wọn lọ́wọ́ láìbi wọ́n ní ìdí. Kàmọ́rù, bíríkìlà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣe pàkàpàkà, ó ní:

"Ìyá Tùràrí, ẹ fi kún un. Ọwọ́ yìí ti mu sìmẹ́ǹtì yó, òùngbẹ nǹkan míì ló ń gbẹ ẹ́."

"Bọ́ síwájú jàre, aláròyé."

Ẹ̀rín pọ̀ lẹ́nu géètì náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti rẹ́rìn-ín pọ̀, a ò lè dá wọn lẹ́bi. Bàlíkísù ń kán an sí wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ balẹ̀, ó mọ ohun tó wà nínú ike rẹ̀.

Alájì Mikail ló wọlé kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí alága. Ó kọjá lára ike sípírítì, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú bàsíà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Kàmọ́rù tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yíjú padà, ó rí i.

"Ha, Alájì! Alága gan-an ò lo ti mọ́sáláṣí? Kí ló dé tí ẹ ò mu nínú tiwa?"

Àwọn tó wà nítòsí tún rẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú síbẹ̀. Bàlíkísù ti la ẹnu, irọ́ kékeré tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Alájì gbé ọwọ́ kan sókè, ó dá a dúró. Ó nà ró. Ó wo Kàmọ́rù, ó wo àwọn yòókù, ó sì sọ ọ́ ketekete kí gbogbo wọn lè gbọ́:

"Èmi ti mu tèmi tán, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mu ún tán."

Àwọn ọ̀dọ́ pa ẹ̀rín gan-an, wọ́n ní Alájì náà mọ àwàdà ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà méjì kan tí àwọn àti Alájì jọ wa típà nígbà kan kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti fi sípírítì pa ọwọ́ tirẹ̀, padà sẹ́yìn, ó wá dúró ti Alájì létí bàsíà, ó na ọwọ́ tirẹ̀ náà. Bàlíkísù gbé kẹ́tù, ó sì da omi sí àwọn méjèèjì lọ́wọ́.